Kí Ló Dé Tí Rọ́bà Tó Rọ̀ Fi Lè Mú Kí Ẹ̀rọ Túbọ̀ Gbọ̀n?

Ní Àjàṣẹ́ níbí, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, bí iná bá lọ, jẹnẹrétọ̀ ló kù, èyí tí àwa ń pè ní gúrúùpù. Ọ̀pọ̀ ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe ló ní ọ̀kan lẹ́yìnkùlé. Bí wọ́n bá ti tan án, wàhálà bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: ẹni tó ń fojú sí maikirosikóòpù á rí i pé ohun tó ń wò ń gbọ̀n, òṣùwọ̀n tó ń wọn oògùn kò ní dúró sójú kan, hard disk tó ń tọ́jú àwòrán kámẹ́rà á máa ké. Ohun tí èèyàn á kọ́kọ́ ṣe ni pé á wá nǹkan tó rọ̀, ì báà jẹ́ fóòmù, àjákù táyà tàbí sílípáàsì tí wọ́n gé, á kì í sábẹ́ ẹ̀rọ. Nígbà mìíràn ó máa ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Nígbà mìíràn kò ní yí nǹkan kan padà. Èyí tó ń dààmú wọn jù ni ìgbà tí ẹ̀rọ náà bá wá gbọ̀n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n á ní rọ́bà tí wọ́n rà kì í ṣe ojúlówó. Ojúlówó lè ni o. Rírọ̀ nìkan kọ́ ló ń ṣe iṣẹ́ yìí ni.

Ẹ jẹ́ ká fi ohun tó wà nílé wò ó. Ẹ mú rọ́bà tín-ín-rín tí àwọn ìyá ọlọ́jà ní Wàńdó fi ń di owó, ẹ so bíi mẹ́fà mọ́ra kí ó gùn, kí ẹ wá fi àgádágodo kan kọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ di òkè rẹ̀ mú. Bí ẹ bá rọra gbé ọwọ́ sókè, tí ẹ rọra sọ ọ́ kalẹ̀, àgádágodo á máa bá ọwọ́ yín lọ, á máa bá a bọ̀, àfi bí ẹni pé kò sí rọ́bà láàárín. Ẹ wá mú ọwọ́ yá díẹ̀díẹ̀. Ẹ ó dé ibì kan tí ọwọ́ yín kò ní í lọ sókè sódò ju ìbú ìka kan lọ, síbẹ̀ tí àgádágodo á máa fò tí ẹ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa yẹra fún un. Ẹ má dúró níbẹ̀. Ẹ túbọ̀ mú ọwọ́ yá, kí ó máa gbọ̀n wìrìwìrì. Àgádágodo á dákẹ́. Ọwọ́ ń gbọ̀n, rọ́bà ń nà, ó ń sún kì, irin ìsàlẹ̀ dúró jẹ́ẹ́.

Rọ́bà kan náà ni. Àgádágodo kan náà ni. Ìyára ọwọ́ yín nìkan ló yí padà.

Ẹni tó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe èyí ti mọ ohun tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí. Ohunkóhun tó bá ní ìwúwo, tó sì jókòó lé ohun tó lè tẹ̀ tàbí tó so mọ́ ohun tó lè nà, ní ìyára kan tó jẹ́ tirẹ̀. Ẹ ta á nípàá lẹ́ẹ̀kan kí ẹ fi í sílẹ̀: ìyára yẹn ló máa fi mì títí á fi dákẹ́. Màá máa pè é ní ìyára àdámọ́. Bí ilẹ̀ bá ń mì lọ́ra ju ìyára àdámọ́ lọ, tìmùtìmù tó wà lábẹ́ ẹ̀rọ kò já mọ́ nǹkan kan, ìgbọ̀n á gba inú rẹ̀ kọjá bó ṣe wà. Bí àwọn méjèèjì bá ṣe déédéé, ìgbọ̀n á di ńlá. Ìgbà tí ilẹ̀ bá ń gbọ̀n kíákíá ju ìyára àdámọ́ lọ dáadáa ni ìtura tó dé. Ibi tí ìpalára ti ń di ìtura yìí kò ṣòro sọ: ìlọ́po 1.4 ìyára àdámọ́ ni. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ó sàn kí ẹ má fi nǹkan kan sábẹ́ ẹ̀rọ. Ní ìlọ́po 2, ìdá kan nínú mẹ́ta ìgbọ̀n ilẹ̀ ló ń dé ara ẹ̀rọ. Ní ìlọ́po 3, ìdá kan nínú mẹ́jọ. Ìlọ́po 3 yìí ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ ẹ̀rọ fi ń bẹ̀rẹ̀ ìṣirò wọn.

Ẹ ṣàkíyèsí pé rọ́bà kọ́ ló dá àgádágodo dúró. Ìwúwo àgádágodo fúnra rẹ̀ ni kò fẹ́ mira. Iṣẹ́ rọ́bà ni pé kó má fipá fà á. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ fífúyẹ́ fi ṣòro dáàbò bò ju ẹ̀rọ tó wúwo lọ.

Báwo lèèyàn ṣe máa mọ ìyára àdámọ́ láìjẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ? Rúlà ló máa sọ ọ́. Ẹ wọn gíga tìmùtìmù kí ẹ tó gbé ẹ̀rọ lé e, kí ẹ tún un wọ̀n lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti jókòó. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ni ìwọ̀n tó fi rì. Bó bá rì ní mìlímítà 1, ìyára àdámọ́ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìgbà 16 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bó bá rì ní mìlímítà 4, ó di 8. Bó bá rì ní mìlímítà 16, ó di 4. Láti ibí lọ, bí mo bá ti dárúkọ iye kan fún ìyára, iye ìgbà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni mo ń sọ. Òun náà ni wọ́n ń kọ sára páálí pẹ̀lú Hz lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ rí i pé rírì gbọ́dọ̀ di ìlọ́po mẹ́rin kí ìyára tó lè wálẹ̀ sí ìdajì. Ẹni tó bá fẹ́ kí ìyára àdámọ́ jẹ́ 1 péré máa nílò ohun tó lè rì ní sẹ̀ǹtímítà 25. Fún sípíríǹgì onírin, ìṣirò yìí ṣe é gbára lé. Ti rọ́bà yàtọ̀ díẹ̀, torí ó máa ń le nígbà tó bá ń gbọ̀n ju ìgbà tó kàn jókòó lábẹ́ ẹrù lọ, nítorí náà ìyára rẹ̀ gan-an máa ń ga ju èyí tí rúlà sọ.

Ẹ jẹ́ ká wá gbé gúrúùpù wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Iná tí a ń lò ní Bẹ̀nẹ̀ jẹ́ ti 50, torí náà gúrúùpù kékeré tó ń lo bẹntiróòlù sábà máa ń yí ní ìgbà 3000 láàárín ìṣẹ́jú kan, èyí tó jẹ́ 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá. Àwọn ńlá sábà máa ń yí ní 1500, ìyẹn 25. Àwọn kékeré oní-pisítìnì kan tí wọ́n pọ̀ jù ládùúgbò tún ní ìgbọ̀n kejì: ìyípo méjì ni wọ́n máa ń yí kí epo tó jó lẹ́ẹ̀kan, torí náà 25 ń gbọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ 50. Ká wá ní ilé àyẹ̀wò kan fi rọ́bà sábẹ́ maikirosikóòpù, tí rọ́bà náà sì rì ní mìlímítà 0.4. Ojú lásán kò lè tètè rí ìyẹn. Ìyára àdámọ́ rẹ̀ á jẹ́ 25. Iye tí gúrúùpù fi ń gbọ̀n ilẹ̀ gan-an nìyẹn! Wọ́n ti fi owó ra ohun tó ń sọ ìgbọ̀n kékeré di ńlá. Kí rọ́bà tó dé, ẹsẹ̀ maikirosikóòpù wà lórí tábìlì tààrà, ó ń bá tábìlì mì, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí wọ́n bá fẹ́ ìlọ́po 3 sí ti 25, ìyára àdámọ́ gbọ́dọ̀ wálẹ̀ sí 8, ìyẹn ni pé tìmùtìmù náà gbọ́dọ̀ rì ní mìlímítà 4 lábẹ́ maikirosikóòpù tí kò ju kílò mélòó kan lọ. Kò sí silent-bloc, ìyẹn rọ́bà onírin tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ń jókòó lé, tó máa ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ṣe é fún ẹrù tó wúwo, bẹ́ẹ̀ ẹrù fífúyẹ́ ni wọ́n gbé lé e, kò rì rárá, ó dà bí ìgbà tí kò sí níbẹ̀. Àbúrò kan tó ń ṣiṣẹ́ ní láàbù mú irú rẹ̀ wá fún mi, àlòkù tó nípọn dáadáa. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé èyí tó bá nípọn jù kọ́ ló dára jù?” Mo ní, “Kílò mélòó ni wọ́n ṣe é fún?” Kò mọ̀. Ó ní ẹni tó tà á fún òun náà kò mọ̀, bóòtù tó wà lára rẹ̀ ni wọ́n wò dá a lówó lé.

Fún ilé àyẹ̀wò tí owó ibẹ̀ kò pọ̀, ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni kí wọ́n fi ìwúwo kún ẹ̀rọ wọn. Ẹ wá àjẹkù òkúta mábù tàbí gíránáìtì lọ́dọ̀ àwọn tó ń gé e, tàbí kí ẹ da kọnkéré pẹlẹbẹ kan. Ẹ fẹ́ atẹ́gùn díẹ̀ sínú túùbù alùpùpù, díẹ̀ ni mo wí, kó má le, kí ẹ tẹ́ ẹ sórí tábìlì, kí ẹ gbé òkúta lé e, kí ẹ wá gbé maikirosikóòpù sórí òkúta. Atẹ́gùn inú túùbù jẹ́ sípíríǹgì tó rọ̀ ju rọ́bà tó wà lára túùbù lọ fíìfíì, òkúta sì fún un ní ohun tó máa rì sí. Àwọn tó ń ya hológírámù, àwòrán tí a fi iná lésà yà, nínú ilé ara wọn, iṣẹ́ tí ìgbọ̀n tí kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà lè bà jẹ́, ti ń lo túùbù báyìí láti ọjọ́ pípẹ́. Wàhálà rẹ̀ kò ju pé atẹ́gùn máa ń jò díẹ̀díẹ̀, ẹ ó máa fẹ́ ẹ. Àjákù táyà kò lè rọ́pò rẹ̀ o. Táyà ní okùn àti wáyà nínú, líle ni wọ́n ṣe é fún.

Ẹ̀rọ tó ń fi eré yí ẹ̀jẹ̀ ká kò sì gbọdọ̀ wà lórí tábìlì kan náà pẹ̀lú òṣùwọ̀n. Ọ̀fẹ́ ni ìyẹn, ó sì sàn ju gbogbo tìmùtìmù lọ.

Ẹ ti lè gbọ́ ọ rí nígbà tí wọ́n bá ń pa gúrúùpù: ohùn rẹ̀ á máa wálẹ̀, á wálẹ̀, nígbà tó bá sì kù díẹ̀ kó dákẹ́, gbogbo ara rẹ̀ á jó gbìgbìgbì lẹ́ẹ̀kan kó tó kú. Ìyára ẹ́ńjìnnì ló ń gba orí ìyára àdámọ́ àwọn rọ́bà tó jókòó lé kọjá. Kò sí bí a ṣe lè tan ẹ̀rọ tàbí pa á láì gba ibẹ̀. Ohun tó máa pinnu bí ijó yẹn ṣe máa pọ̀ tó ni agbára tí tìmùtìmù ní láti pa ìgbọ̀n kú sínú ara rẹ̀. Sípíríǹgì onírin kò ní in tó: ó lè sọ ìgbọ̀n di ìlọ́po 50 ní ibi ìpàdé yẹn. Rọ́bà gidi wà ní nǹkan bí ìlọ́po 10. Rọ́bà tí wọ́n dìídì pò kó máa pa ìgbọ̀n, tàbí okùn irin tí wọ́n ká, lè mú un wálẹ̀ sí nǹkan bí ìlọ́po 3.

Ǹjẹ́ kí ló dé tí a kò fi gbogbo agbára apagbọ̀n sí i, ká fi amọ́tísọ̀ọ̀, irú apagbọ̀n tó wà lábẹ́ ọkọ̀, tó le koko sábẹ́ ohun gbogbo? Nítorí pé ohun tó ń pa ìgbọ̀n níbi ìpàdé tún ń so ẹ̀rọ mọ́ ilẹ̀ nígbà tí ìgbọ̀n bá yára. Ẹ rántí àgádágodo: ó dákẹ́ torí pé rọ́bà kò fipá fà á. Bí ẹ bá ki gbogbo rẹ̀ sínú oyin, kò ní fò mọ́ níbi tó ti ń fò, ṣùgbọ́n kò ní dákẹ́ mọ́ níbi tó ti ń dákẹ́ náà. Ẹni tí gúrúùpù rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ látàárọ̀ dalẹ́ láì pa á lè gba kí apagbọ̀n kéré. Ẹni tó ń tan án tó ń pa á nígbà gbogbo nílò rẹ̀ sí i. Kò sí ìdáhùn kan tó bá gbogbo èèyàn mu níbí, ẹni tó bá ní òun ní in ń ta ọjà ni.

Ìgbọ̀n tí kò dáwọ́ dúró ni mo ti ń sọ látòkè wá. Gbígbá òjijì, irú èyí tí ẹ̀rọ ń gbà nígbà tó bá já bọ́ tàbí nígbà tí ọkọ̀ bá já sí kòtò, ọ̀rọ̀ mìíràn ni, ibẹ̀ sì ni ìdàrúdàpọ̀ pọ̀ sí jù. Ká ní ẹ̀rọ kan já láti ibi tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 50. Kó tó kan ilẹ̀, eré rẹ̀ á ti lé ní mítà 3 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Eré yẹn gbọ́dọ̀ tán. Àyè tó fi máa tán ló ṣe pàtàkì. Bó bá tán láàárín mìlímítà 5, ohun tó wà nínú ẹ̀rọ náà á ru ẹrù bí ìlọ́po 100 ìwúwo ara rẹ̀. Bó bá tán láàárín sẹ̀ǹtímítà 5, ó di bí ìlọ́po 10. Pínpín lásán ni: gíga tó já, pín in sí àyè tó fi dúró. Ìyẹn sì jẹ́ fún tìmùtìmù tó pé, èyí tí agbára tó fi ń dá ẹ̀rọ dúró kò yí padà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Sípíríǹgì kò rí bẹ́ẹ̀. Ó máa ń rọra bẹ̀rẹ̀, á wá le ní ìparí, nítorí náà ohun tí ẹ̀rọ máa rí lórí sípíríǹgì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì iye yẹn.

Ẹ wá wo bí àwọn méjèèjì ṣe ń bá ara wọn jà. Tìmùtìmù tó dára fún ìgbọ̀n ti rọ̀ púpọ̀, ó ti rì tán lábẹ́ ìwúwo ẹ̀rọ. Àyè tó kù fún un lè má ju mìlímítà mélòó kan lọ. Bí gbígbá òjijì bá dé, á tẹ́ pátápátá, irin á kan irin, gbà! Nígbà mìíràn ohun tí ẹ̀rọ ń gbà níbẹ̀ burú ju èyí tí ì bá gbà ká ní kò sí tìmùtìmù kankan lọ. Ìgbọ̀n ń béèrè àyè láti rì, gbígbá òjijì ń béèrè àyè láti dúró, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ra ẹ̀rọ fẹ́ kí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ má ga ju ìka méjì lọ. Ibi tí iṣẹ́ àwọn tó ń ṣe tìmùtìmù kékeré ti le nìyẹn.

Ọgbọ́n tó rọrùn jù nínú tiwọn ni ti rọ́bà tí a kò tẹ̀ mọ́lẹ̀. Rọ́bà kì í kéré bí a bá tẹ̀ ẹ́. Ńṣe ló máa ń yọ sí ẹ̀gbẹ́. Bí ẹ bá kì í sínú ife irin tó fún un pinpin, kò sí ibi tó máa yọ sí, ó ti di òkúta nìyẹn. Mo ti rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí wẹ́dà ṣe ife irin tó dán mọ́nránmọ́nrán fún rọ́bà gúrúùpù, iṣẹ́ ọwọ́ tó wuni, tí kò sì wúlò. Ọ̀nà tó dára ni kí a lẹ rọ́bà mọ́ irin méjì tó dúró lóòró, kí ìwúwo ẹ̀rọ máa fa irin kan sísàlẹ̀ nígbà tí èkejì dúró. Rọ́bà kan náà á rọ̀ ní ìlọ́po mélòó kan sí ìgbà tí a tẹ̀ ẹ́, kò sì ní gba gíga púpọ̀.

Okùn irin tún wà. Wọ́n á mú okùn tí wọ́n fi wáyà tín-ín-rín púpọ̀ lọ́, wọ́n á ká a ní òrùka òrùka, wọ́n á fi irin gbọọrọ méjì há a lókè àti nísàlẹ̀. Bó bá ń mì, àwọn wáyà inú rẹ̀ á máa fi ara gbo ara, ìgbọ̀n á di ooru, á kú síbẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ lókè, nísàlẹ̀ àti lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kpayo, bẹntiróòlù tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà, kò lè jẹ ẹ́, oòrùn kò lè ba a jẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í tètè tẹ́ tán bí gbígbá òjijì bá dé. Àwọn ọkọ̀ ojú omi ogun ń lò ó gan-an. Bí wọ́n bá ní kí n yan ọ̀kan péré fún ẹ̀rọ tó máa jókòó sínú ọkọ̀ ní ilẹ̀ wa, òun ni màá yàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó wọ́n.

Èyí tó wù mí jù nínú gbogbo wọn ti pẹ́. Ní 1867, Julien Belleville, ará Faransé, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí sípíríǹgì kan tí kì í ṣe wáyà tí a ká. Irin pẹlẹbẹ róbótó ni, ó ní ihò láàárín, etí ihò náà sì ga díẹ̀ ju etí òde lọ. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, á kọ́kọ́ le. Ṣùgbọ́n bí gíga etí inú yẹn bá jẹ́ nǹkan bí ìlọ́po 1.4 nínípọn irin náà, ó máa dé ibì kan tí á ti máa rì láì béèrè ẹrù kún ẹrù. Ẹ rò ó wò: ó gbé ẹrù tó wúwo, síbẹ̀ ní ibi tó dúró sí yẹn, ó rọ̀ gan-an. Àwọn tó ń ṣe tábìlì fún maikirosikóòpù ńláńlá lónìí ti fi irú èrò yìí lọ jìnnà: sípíríǹgì kan gbé ìwúwo, àwọn pèpéle irin tín-ín-rín tí a fún mọ́ra láti ẹ̀gbẹ́ ń tì í kúrò ní ààyè rẹ̀, líle ti èyí àti títì ti ìyẹn á fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ara wọn rẹ́. Wọ́n ń rí ìyára àdámọ́ tí kò tó 1 nínú àpótí tí kò ga. Ohun tí wọ́n fi san án ni pé ìwúwo kan pàtó ló ń ṣiṣẹ́ fún. Ẹ gbé kámẹ́rà kún maikirosikóòpù láì tún un tò, ó ti kúrò ní ibi rírọ̀ nìyẹn.

Ibi tí àyè bá wà, kò sí ẹni tó ń ṣe wàhálà báyìí. Ní LIGO ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ rí ìgbì òòfà (gravitational waves) láti ojú ọ̀run ní 2015, ńṣe ni wọ́n so dígí kílò 40 rọ̀ sábẹ́ ìwúwo mẹ́ta mìíràn, ọ̀kan lábẹ́ èkejì, kó lè jẹ́ ìpele mẹ́rin. Ilé ńlá gbáà ló gba èyí. Tábìlì láàbù kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kíkó ẹ̀rọ lọ sí ìgbèríko ló kù, òun ló sì ń ba ẹ̀rọ jẹ́ jù. Ẹ ya kúrò ní títì ní Kétu, tàbí ní ẹ̀yìn àwọn òkè àpáta Ṣábẹ̀ẹ́, ẹ ó bọ́ sórí ọ̀nà ilẹ̀ pupa tí ojú rẹ̀ ti ká bíi páànù òrùlé. Ọ̀nà yẹn fúnra rẹ̀ ti di ẹ̀rọ agbọ̀n. Bí òkè kan sí èkejì bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 80, tí kámíọ̀n sì ń sá kìlómítà 36 ní wákàtí, ó ń gba mítà 10 kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá, ó ń fò lórí òkè 12 tàbí 13. Ara kámíọ̀n onísípíríǹgì pẹlẹbẹ sì ní ìyára àdámọ́ tirẹ̀, ó sábà máa ń wà láàárín 2 sí 5. Nítorí náà, ẹni tó bá gbọ́ pé kí ìyára wálẹ̀, tó wá fi fóòmù tó rọ̀ gan-an ṣe àpótí tí tirẹ̀ jẹ́ 3, ti mú àpótí rẹ̀ bá kámíọ̀n jó. Nínú ọkọ̀, bíi 6 sí 8 ló sábà máa ń bójú mu, ó wà lókè ti kámíọ̀n, ó sì wà nísàlẹ̀ ti ọ̀nà.

Nǹkan kan wà níbẹ̀ tí àwọn awakọ̀ kì í fẹ́ gbà. Awakọ̀ tó láàánú ẹ̀rọ á dín eré kù sí kìlómítà 18. Lórí ọ̀nà kan náà, òkè tó ń gbà kọjá á di 6 ní ìṣẹ́jú-àáyá, èyí tó jẹ́ ìyára àdámọ́ àpótí gan-an. Kí ẹnìkan jókòó sẹ́yìn kó máa wo àpótí. Bó bá ń jó jù, kí ó ké sí awakọ̀ kó yí eré padà díẹ̀, sókè tàbí sísàlẹ̀. Kí ẹ sì de àpótí náà mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀, torí àpótí tí a kò dè ń fò, ó ń já bọ́, kò sí tìmùtìmù tó ń yanjú ìyẹn.

Fóònù orí zémidjan, alùpùpù akérò, náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní September 2021, Apple kìlọ̀ fún àwọn tó ń lo iPhone pé ìgbọ̀n alùpùpù alágbára tó ń gba ọwọ́ kẹ̀kẹ́ wá lè ba kámẹ́rà rẹ̀ jẹ́. Ìdí ni pé lẹ́ǹsì inú rẹ̀ kì í ṣe ohun tí a kàn mọ́ ojú kan. Ó lè sún, kí ó lè máa tún àwòrán ṣe bí ọwọ́ bá gbọ̀n. Wọ́n ní kí àwọn tó ń gun alùpùpù kékeré pàápàá lo ohun ìgbéfóònù tó ní apagbọ̀n. Tèmi ni pé àpò ṣẹ́ẹ̀tì sàn jù. Ara èèyàn wúwo, ó sì rọ̀.

Kí ẹ tó ra nǹkan kan, ẹ kọ́kọ́ wọn ìgbọ̀n náà. Áàpù kan wà tó ń jẹ́ phyphox, yunifásítì Aachen ní Jámánì ló ṣe é, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ tẹ́ fóònù sórí tábìlì nígbà tí gúrúùpù bá ń ṣiṣẹ́, á fi hàn yín ìyára tí ìgbọ̀n náà pọ̀ sí jù. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ wo gbogbo ohun tó fi ẹ̀rọ kan ògiri tàbí ilẹ̀ láì gba inú tìmùtìmù. Páìpù èéfín gúrúùpù tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì lẹ̀ mọ́ ògiri láàbù ń gbé ìgbọ̀n wọlé, bí rọ́bà abẹ́ gúrúùpù tilẹ̀ jẹ́ olówó iyebíye. Wáyà tó le tó nà tán náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó rọ̀, kó ní ìkáwọ́ díẹ̀.

Rọ́bà ń gbó. Rọ́bà gidi tí epo tàbí kpayo bá ń ta sí máa ń wú, á rọ̀ ní ìrọ̀kurọ̀. Oòrùn á là á, ẹrù á sì máa tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ lọ́dọọdún. Nítorí náà, ẹ kọ gíga tó ní lọ́jọ́ tí ẹ fi í síbẹ̀ sára ògiri, kí ẹ máa fi rúlà wò ó.

Ẹ̀rọ tuntun mélòó kan, pàápàá èyí tó ń yí ẹ̀jẹ̀, máa ń dé pẹ̀lú bóòtù tàbí ìdè tí wọ́n fi ti inú rẹ̀ mọ́ ìta kí tìmùtìmù inú rẹ̀ má bàa ṣiṣẹ́ lójú ọ̀nà. Ẹ yọ ọ́ kí ẹ tó tan ẹ̀rọ náà. Ẹ má sọ ọ́ nù: ẹ fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀rọ, kí ẹni tó bá máa gbé e lọ sí Kétu lọ́la lè dá a padà kí kámíọ̀n tó gbéra.